Fáìlì "ìwé ìpè ìgbéyàwó" kó owó Màmá lọ: ṣé ká pa á rẹ́ ni, àbí ká tọ́jú ẹ̀?

Ìbéèrè

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, fáìlì kan wọlé sórí WhatsApp màmá mi ní Ìbàdàn. Ọ̀rẹ́ wọn kan tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì ni orúkọ rẹ̀ hàn pé ó fi ránṣẹ́. Ohun tó bá a wá ni: "Ìwé ìpè ìgbéyàwó, ẹ ṣí i kí ẹ rí àwọ̀ aṣọ ẹbí." Màmá tẹ̀ ẹ́. Fóònù béèrè oríṣiríṣi nǹkan lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì ń tẹ "Allow" títí ó fi dákẹ́. Ìwé ìpè kankan kò jáde. Nígbà tó máa fi di aago mẹ́rin ìdájí Sátidé, ₦186,500 ti jáde nínú àkáǹtì wọn lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tí wọ́n pe ọ̀rẹ́ wọn, ìyẹn ní òun kò fi nǹkan kan ránṣẹ́, pé àti Ọjọ́rú ni wọ́n ti gba WhatsApp mọ́ òun lọ́wọ́.

Àbúrò mi ọkùnrin ní ká fọ fóònù náà nù pátápátá, ká má sì sọ fún ẹnikẹ́ni, torí ojú ń ti Màmá. Èmi ní ká dúró ná. Mo ti gbọ́ pé àwọn olùwádìí ààbò kọ̀ǹpútà wà tó máa ń tú irú fáìlì báyìí wò. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́ fún yín, mi ò mọ ohun tí wọ́n lè ṣe fún wa. Ṣé wọ́n á bá wa gba owó náà padà ni? Àbí òkìkí ni wọ́n ń wá kiri?

———

Má fọ fóònù yẹn o. Bó bá ti wà lọ́wọ́ àbúrò rẹ báyìí, gbà á.

Ká tó dé orí ọ̀rọ̀ olùwádìí, owó ló kàn. Tẹ ibi tí wọ́n ya bàálù sí lórí fóònù Màmá, kí dátà àti Wi-Fi kú. Yọ síìmù inú ẹ̀, kí o fi sínú fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì. Irú áàpù bẹ́ẹ̀ máa ń ka àtẹ̀jíṣẹ́ tó bá wọlé. OTP, kóòdù tí báńkì bá fi ránṣẹ́ sí Màmá kí owó tó lè jáde, áàpù yẹn ti kà á kí Màmá tó wá awò ojú wọn. Bí síìmù bá ti kúrò níbẹ̀, kò rí nǹkan kà mọ́. Lẹ́yìn náà, fi fóònù mìíràn pe báńkì. Nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì ATM ni kí o pè, má pe èyí tí o bá rí lórí Facebook. Sọ fún wọn kí wọ́n ti àkáǹtì Màmá pa ná, kí wọ́n já áàpù báńkì tó wà lórí fóònù náà kúrò lára àkáǹtì, kí wọ́n sì kọ̀wé sí báńkì tí owó wọ̀ kí wọ́n di ohun tó bá ṣẹ́kù níbẹ̀ mú. Gba nọ́ńbà ẹ̀sùn. Kọ orúkọ ẹni tó dá ọ lóhùn àti àsìkò tó dá ọ lóhùn sínú ìwé. Mo mọ̀ pé ọjọ́ ti lọ lórí ẹ̀. Ṣe é bẹ́ẹ̀ náà.

Ìgbà tí ìyẹn bá parí ni kí o wá jókòó ti fóònù. Fi fóònù tìrẹ ya àwòrán ọ̀rọ̀ tó bá fáìlì náà wá, orúkọ fáìlì àti lẹ́tà mẹ́ta tó gbẹ̀yìn orúkọ náà (ó dá mi lójú pé .apk ni, irú fáìlì tó ń gbé áàpù wọ fóònù), ọjọ́ àti àsìkò tó wọlé, áláàtì báńkì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lọ sí ibi ètò fóònù, wá áàpù náà, kí o ya àwòrán gbogbo ohun tí Màmá gbà á láyè láti ṣe. Lẹ́yìn ìyẹn, fi wáyà gbé ẹ̀dà fáìlì náà sórí kọ̀ǹpútà. Fáìlì APK, Android ló wà fún; kò lè dá ṣiṣẹ́ lórí Windows, torí náà kò séwu tó bá kàn jókòó síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣí i lórí fóònù mìíràn pé òun fẹ́ wò ó.

Tí o bá ti ṣe gbogbo èyí tán, fọ fóònù. Nígbà náà, èmi gan-an á ní kí o fọ̀ ọ́, kí o sì yí gbogbo páásíwọ́ọ̀dù Màmá padà láti orí ẹ̀rọ mìíràn.

———

Mo rí i nínú èsì tí ẹ kọ sábẹ́ ìbéèrè yìí pé ọ̀pọ̀ yín ló gbè sẹ́yìn àbúrò olùbéèrè: fọ̀ ọ́, yí páásíwọ́ọ̀dù, ó tán. Ẹnìkan láti Àkúrẹ́ ní ọdún mẹ́wàá lòun ti fi tún fóònù ṣe, pé kò sí oògùn tó ju fífọ̀ lọ. Mi ò bá a jiyàn. Fífọ̀ ń lé e jáde lóòótọ́. Ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ ni ohun tó ń bá a lọ.

Ní oṣù Ẹrẹ́nà 2016, ilé ẹ̀kọ́ girama kan pè mí. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń kó èsì ìdánwò pa mọ́ sí ti ti ara rẹ̀ pa. Gbogbo fáìlì inú rẹ̀ ti ní ".micro" nídìí, ìwé kan sì wà lójú ẹ̀ tó ń sọ pé kí wọ́n san Bitcoin. TeslaCrypt ni wọ́n ń pe kòkòrò yẹn. Ó máa ń fi kọ́kọ́rọ́ ti fáìlì pa ni, á wá ní kéèyàn ra kọ́kọ́rọ́ náà. Èsì ọdún mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Wọn ò ní ẹ̀dà kankan níbòmíràn. Mo fi ọjọ́ méjì gbìyànjú, mi ò rí ọ̀nà, mo fọ dísìkì náà, mo to Windows tuntun sí i, mo gba owó iṣẹ́ mi, mo sì lọ.

Oṣù méjì lẹ́yìn ìyẹn, ní Èbìbí 2016, olùwádìí kan ní ESET, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe irinṣẹ́ ìṣọ́ kòkòrò, ṣàkíyèsí pé àwọn tó ni TeslaCrypt ti ń palẹ̀ ẹrù wọn mọ́. Wọ́n ní ibì kan tí àwọn tí wọ́n ṣe ní jàǹbá ti lè kọ̀wé sí wọn. Ó kọ̀wé síbẹ̀, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ kó kọ́kọ́rọ́ àgbà náà sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Wọ́n sì kó o sílẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ kọ ọ́ sí i pé kí aráyé má bínú. ESET wá fi kọ́kọ́rọ́ yẹn ṣe irinṣẹ́ ọ̀fẹ́, àwọn fáìlì tó ní ".micro" nídìí sì wà lára ohun tó ń ṣí.

Ká ní mo yọ dísìkì yẹn, mo fi ọ̀rá wé e, mo sì jù ú sínú àpótí, ǹ bá ti dá èsì ọdún mẹ́rin padà fún àwọn ọmọ yẹn. Títí di òní, mi ò tíì lè sọ fún ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà. Ohun tó ń mú mi pariwo "ẹ má pa á rẹ́" nìyẹn.

Ní Agẹmọ ọdún yẹn kan náà ni ọlọ́pàá orílẹ̀-èdè Netherlands, Europol tó jẹ́ àjọ ọlọ́pàá Yúróòpù, àti àwọn ilé iṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà Kaspersky àti Intel Security dá ìkànnì No More Ransom sílẹ̀, ibi tí wọ́n ń kó irú àwọn kọ́kọ́rọ́ bẹ́ẹ̀ jọ sí lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tí wọ́n bá ti fáìlì rẹ̀ pa, kó lọ wò ó níbẹ̀ kó tó san kọ́bọ̀. Bí kò bá tíì sí lónìí, kó tọ́jú dísìkì náà.

———

Ẹni tó kọ ọ́ pé "ojúkòkòrò ló ń ṣe àwọn àgbàlagbà wa," ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú ọ̀rọ̀ yẹn kúrò níbí. Kí ni ojúkòkòrò nínú pé ìyá àgbàlagbà fẹ́ mọ àwọ̀ aṣọ ẹbí?

Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ síbí, torí ibí gan-an ni èèyàn ti ń rí ìwúlò ìwádìí. Ní 2012, Cormac Herley, tó jẹ́ olùwádìí ní Microsoft, béèrè ìbéèrè kan tó jọ ìbéèrè ọmọdé: gbogbo ayé ló ti gbọ́ nípa gbájúẹ̀ Nàìjíríà, kí ló dé tí oníjìbìtì tó ń kọ lẹ́tà ọmọ ọba, ọmọ ọ̀gágun, fi tún ń sọ pé Nàìjíríà lòun ti ń kọ̀wé? Ṣé kò mọ irọ́ mìíràn pa ni? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ó mọ̀ ọ́n mọ̀ ni. Fífi lẹ́tà ránṣẹ́ kò ná an ní nǹkan kan. Ohun tó ń ná an ni àkókò: bíbá ẹni tó fèsì sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mẹ́rin. Tí ẹni tó máa já a jù sílẹ̀ lójú ọ̀nà bá fèsì, àdánù ni fún un. Ó wá kọ lẹ́tà tó máa pa olóye lẹ́rìn-ín, kí olóye kọjá lọ, kó lè ku kìkì ẹni tí kò tíì gbọ́ rí. Ajọ̀ ni lẹ́tà yẹn. Ó ti ń jọ èlùbọ́ kó tó gbé omi kaná.

Ẹ wá fi ìyẹn wé fáìlì tí Màmá tẹ̀. Kò sí ìtàkúrọ̀sọ níbẹ̀ rárá. Ẹni tó ṣe é kò ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, áàpù ló máa ṣiṣẹ́. Torí náà kò nílò ajọ̀. Gbogbo ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ ló wúlò fún un, olóye àti òpè. Ohun tó wá fẹ́ ni pé kó jọ òótọ́ gan-an. Ìdí tó fi gba orúkọ ọ̀rẹ́ Màmá wọlé nìyẹn, ìdí tó sì fi lo ìgbéyàwó, nǹkan tí ẹnikẹ́ni kì í kọ etí ikún sí nínú àwùjọ wa. Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, ìwé ìpè ìgbéyàwó onífáìlì APK da ìlú rú ní Indonéṣíà. Nígbà tó di 2024, ó ti dé Íńdíà. Orílẹ̀-èdè tí ìgbéyàwó ti jẹ́ ti gbogbo àdúgbò ni wọ́n ń gbé e lọ.

Nítorí náà, ẹni tó ń bú Màmá ń fi ọgbọ́n lẹ́tà ọmọ ọba wo nǹkan mìíràn.

Ọ̀rọ̀ ti ọ̀rẹ́ wọn tí wọ́n gba WhatsApp rẹ̀ náà: ẹnìkan máa pè, á ní kóòdù nọ́ńbà mẹ́fà kan ti ṣèèṣì wọ orí fóònù rẹ, kí o bá òun kà á. Kóòdù yẹn ni ìlẹ̀kùn WhatsApp rẹ. Láti 2017 ni WhatsApp ti fún gbogbo èèyàn láǹfààní láti fi píìnì kejì ti ilẹ̀kùn náà. Ẹ lọ bá àwọn òbí yín tì í lónìí, ìṣẹ́jú méjì ni. Kí ẹ kọ píìnì náà sínú ìwé tí wọ́n ń fi nọ́ńbà fóònù pa mọ́ sí nílé. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ní kì í ṣe ibi tó yẹ kéèyàn kọ píìnì sí. Olè tó wà ní ọ̀nà jíjìn kò rí ìwé tó wà lábẹ́ ìrọ̀rí Màmá.

———

"Kí ni àwọn olùwádìí fẹ́ fi fáìlì náà ṣe?" Ẹni mẹ́rin ló ti béèrè báyìí.

Wọ́n á kọ́kọ́ tú u láì jẹ́ kó ṣiṣẹ́, bí èèyàn ṣe ń tú ìrán aṣọ láti mọ bí wọ́n ṣe rán an. Nínú APK, ìwé kan wà tó ń to gbogbo ohun tí áàpù náà máa béèrè: kíka àtẹ̀jíṣẹ́, fífi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, wíwo nọ́ńbà àwọn èèyàn. Ìwé ìpè ìgbéyàwó wo ló nílò kó ka àtẹ̀jíṣẹ́? Èyí tó burú jù lára wọn ni ètò Accessibility. Google ṣe é fún ẹni tí ojú ń dùn tàbí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ dáadáa, kí fóònù lè máa ka ọ̀rọ̀ fún un, kó sì máa bá a tẹ nǹkan. Áàpù tí a bá fún ní àyè yẹn lè rí ohun tó wà lójú fóònù, kó sì tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀, ní aago mẹ́rin ìdájí, nígbà tí Màmá ń sùn.

Lẹ́yìn náà, wọ́n á tan án sórí ẹ̀rọ tí wọ́n ti sé mọ́lé, wọ́n á máa wo ibi tó ń pè. Olè gbọ́dọ̀ ní ibì kan tí nǹkan tó jí ń dé. Nígbà mìíràn, sáfà ni, ìyẹn kọ̀ǹpútà kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nínú ọ̀pọ̀ irú áàpù tó ń jí àtẹ̀jíṣẹ́, bọ́ọ̀tì Telegram ni, àkáǹtì Telegram tí ẹ̀rọ ń darí, kọ́kọ́rọ́ bọ́ọ̀tì náà sì wà nínú fáìlì gan-an torí áàpù kò lè ránṣẹ́ láìsí i. Ẹni tó bá rí i ti rí ẹnu ihò. Ó lè fi sun Telegram kí wọ́n dí i, ó sì lè fi tó ọlọ́pàá létí. Tí wọ́n bá dí i, gbogbo fóònù tí áàpù náà wà lórí ẹ̀ lálẹ́ yẹn kò ní rí ibi kó nǹkan lọ mọ́, títí kan ti àwọn tí kò tíì mọ̀ pé wọ́n ti wọlé tọ àwọn.

Gbogbo èyí dúró lórí pé ẹnìkan fi fáìlì ránṣẹ́. Ní ọjọ́ 10 àti 11 oṣù Ògún 2016, Ahmed Mansoor, ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọnìyàn ní United Arab Emirates, gba àtẹ̀jíṣẹ́ méjì lórí iPhone rẹ̀ pé bó bá tẹ líǹkì kan, á rí àṣírí nípa àwọn tí wọ́n ń fìyà jẹ lẹ́wọ̀n. Kò tẹ̀ ẹ́. Kò sì pa á rẹ́. Ó fi ránṣẹ́ sí àwọn olùwádìí Citizen Lab ní Yunifásítì Toronto. Àwọn àti ilé iṣẹ́ Lookout tú u, wọ́n bá Pegasus níbẹ̀, irinṣẹ́ amí tí ilé iṣẹ́ NSO Group ti Ísírẹ́lì ń tà fún ìjọba, pẹ̀lú ihò mẹ́ta nínú iPhone tí Apple fúnra rẹ̀ kò mọ̀ sí. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn wọlé, ní ọjọ́ 25, Apple ti dí ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún gbogbo ẹni tó ń lo iPhone láyé. Àtẹ̀jíṣẹ́ méjì péré ni o, tí ọ̀pọ̀ nínú wa ìbá ti pa rẹ́ kíá.

———

Sí ẹni tó ní "ṣebí Android nìyẹn, kí Màmá lọ ra iPhone": APK kò lè wọ orí iPhone, òótọ́ ni. Mansoor sì ni ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ yẹn ṣẹlẹ̀ sí, iPhone ló ń lò. Yàtọ̀ sí ìyẹn, kóòdù nọ́ńbà mẹ́fà tí wọ́n fi gba WhatsApp, kò mọ irú fóònù. Bí owó iPhone bá wà nílẹ̀, ẹ fi rọ́pò ohun tí olè kó ná.

———

Àríyànjiyàn kan rèé tí mi ò fẹ́ ká fò kọjá. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan kọ ọ́ pé kí a kàn gbé fáìlì náà sórí VirusTotal, pé gbogbo wàhálà yìí kò nídìí. Òmíràn ní kéèyàn má gbé ohunkóhun síbẹ̀ láéláé. Èmi wà láàárín wọn, ìdí mi sì rèé.

VirusTotal bẹ̀rẹ̀ ní Málaga, ní Sípéènì, ní 2004. Google rà á ní 2012. Èèyàn á gbé fáìlì síbẹ̀, ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ ìṣọ́ kòkòrò á sì yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan náà. Iṣẹ́ ribiribi ni. Ohun tí àwọn èèyàn kò mọ̀ ni pé fáìlì tó bá ti dé ibẹ̀, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń sanwó fún VirusTotal lè gbà á wálẹ̀. Ohun tí a fẹ́ ni ìyẹn tó bá jẹ́ APK olè. Ṣùgbọ́n mo mọ akọ̀wé ilé iṣẹ́ kan tó gbé ìwé owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ síbẹ̀ torí ó ń fura sí ímeèlì tó bá a wá. Ìwé náà mọ́, kò sí kòkòrò kankan níbẹ̀. Ó ti wá di ohun tí àjòjì lè kà.

Torí náà, tó bá jẹ́ fáìlì tí orúkọ tàbí owó ẹnikẹ́ni lè wà nínú rẹ̀, ẹ má gbé fáìlì náà fúnra rẹ̀. Ẹ gbé àmì ìka rẹ̀. Gbogbo fáìlì ló ní ohun tí wọ́n ń pè ní SHA-256, lẹ́tà àti nọ́ńbà 64 tí kọ̀ǹpútà ń ṣírò jáde láti inú rẹ̀. Bí ẹyọ lẹ́tà kan bá yí padà nínú fáìlì, 64 náà á di òmíràn. Lórí Windows, ẹ ṣí ojú dúdú tí wọ́n ń pè ní Command Prompt, kí ẹ kọ certutil -hashfile, orúkọ fáìlì, lẹ́yìn náà SHA256. Ẹ wá lẹ 64 yẹn mọ́ ibi ìwákiri VirusTotal. Bí ẹlòmíì bá ti gbé fáìlì náà síbẹ̀ rí, èsì á jáde láìjẹ́ pé ẹ gbé nǹkan kan síta. Bí kò bá sì sí ẹni tó gbé e rí, tó jẹ́ APK bíi ti Màmá, ẹ wá gbé e. Ó lè jẹ́ ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ fi hàn aráyé.

———

Ọ̀rọ̀ ti yà bàrá díẹ̀. Ẹnìkan ní òun kò lè fọkàn tán olùwádìí kankan, torí "olè ló ń mọ ẹsẹ̀ olè í tọ̀ lórí àpáta." Òwe náà bá ibẹ̀ mu. Mo mọ ẹni tó bá a mu jù lọ.

Ní ọjọ́ 12 oṣù Èbìbí 2017, WannaCry, kòkòrò mìíràn tó ń ti fáìlì pa bíi TeslaCrypt, bẹ̀rẹ̀ sí í jà. Europol ní ó kọjá 200,000 kọ̀ǹpútà ní orílẹ̀-èdè 150. Ní England, ó dá iṣẹ́ ilé ìwòsàn dúró, wọ́n ń dá aláìsàn padà sílé. Ó sì bani nínú jẹ́, torí Microsoft ti gbé àtúnṣe ihò tó ń gbà wọlé jáde láti oṣù Ẹrẹ́nà. Àwọn tí kò tíì fi sórí kọ̀ǹpútà wọn ló kó sí i. Marcus Hutchins, ọmọ ọdún 22 ní England, rí ẹ̀dà kòkòrò náà gbà lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan. Ó rí i pé kó tó ṣiṣẹ́, ó máa ń pe orúkọ ìkànnì gígùn kan tí ẹnikẹ́ni kò ní. Ó ra orúkọ náà, owó rẹ̀ kò ju dọ́là mẹ́wàá àti díẹ̀ lọ. Bí ìkànnì náà ṣe dáhùn báyìí, kòkòrò tuntun tó bá wọlé á kàn dákẹ́ ni.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, wọ́n mú un ní Las Vegas. Nígbà tó wà ní kékeré, ó ti lọ́wọ́ nínú kíkọ Kronos, kòkòrò tó ń jí páásíwọ́ọ̀dù báńkì. Ó gbà pé lóòótọ́ lòun ṣe é. Ní 2019, adájọ́ ní ọjọ́ tó ti lò látìmọ́lé tó, ó sì jẹ́ kó máa lọ sílé.

Mo gbà pé adájọ́ yẹn ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ ẹni tó fi ìyẹn sọ pé kí á máa kó ọmọ Yahoo sínú iṣẹ́ ìwádìí ní wàràǹṣeṣà. Hutchins ti fi ọdún mélòó kan ṣe iṣẹ́ rere ní gbangba, tí gbogbo ayé ń rí i, kí WannaCry tó dé. Ìyàtọ̀ wà láàárín ẹni tó ti yí padà àti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé òun fẹ́ yí padà.

Kí ẹ má sì rò pé òkèèrè nìkan ni ìwádìí ti ń so èso. Ní oṣù Bélú 2020, ọlọ́pàá Nàìjíríà, Interpol àti àwọn olùwádìí ilé iṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà Group-IB mú ọkùnrin mẹ́ta ní Èkó. Ímeèlì tó ń gbé kòkòrò kiri ni wọ́n fi ń wọ ilé iṣẹ́. Ní oṣù Ọ̀pẹ 2021, wọ́n tún mú mọ́kànlá. Interpol ní orúkọ ìwọlé àti páásíwọ́ọ̀dù tí wọ́n bá lórí kọ̀ǹpútà ẹnìkan nínú wọn ju 800,000 lọ. Àwọn kòkòrò yẹn gan-an ni olùwádìí tọ ẹsẹ̀ wọn dé ọ̀dọ̀ wọn.

———

Ní kúkúrú: ẹni tó fẹ́ bá olè náà tàkúrọ̀sọ lórí WhatsApp ọ̀rẹ́ Màmá "láti fi àkókò rẹ̀ ṣòfò", má ṣe é. Àkáǹtì ìyá àgbàlagbà ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà gbogbo ẹgbẹ́. Tó bá bínú, orí ẹgbẹ́ yẹn ló máa dà á sí.

———

Ó yẹ kí n dá ìbéèrè rẹ gan-an lóhùn, àbúrò mi. Olùwádìí kì í bá èèyàn gba owó padà. Báńkì àti ọlọ́pàá ni iṣẹ́ yẹn wà lọ́wọ́ wọn. Yára sun EFCC tàbí ẹ̀ka ọlọ́pàá tó ń rí sí ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì, torí báńkì lè béèrè ìwé ọlọ́pàá lọ́wọ́ rẹ, wákàtí sì ń lọ. Owó tó bá ti kúrò nínú àkáǹtì kejì, tí wọ́n ti gbà lọ́wọ́ oní-POS, ó ṣòro kó padà. Mi ò ní fi irọ́ tù ọ́ nínú.

Ní ti ìtìjú Màmá, mo ń rò ó láti àárọ̀. Ẹ rántí bí àwọn oníáàpù ẹ̀yáwó ṣe ń ṣe, tí wọ́n ń kó nọ́ńbà gbogbo ẹni tó wà lórí fóònù èèyàn, tí wọ́n á wá kọ̀wé sí ìyàwó àbúrò rẹ àti pásítọ̀ rẹ pé olè ni ọ́. Ìtìjú ni wọ́n fi ń gba owó. Àwọn èèyàn ló sọ̀rọ̀ síta, tí wọ́n kó àwòrán ọ̀rọ̀ burúkú náà jọ, kí ìjọba àpapọ̀ tó kọ lu ọ́fíìsì wọn ní Ìkẹjà ní 2022, kí Google sì tó fi òfin de kíka nọ́ńbà fún áàpù ẹ̀yáwó ní 2023. Ká ní gbogbo wọn fọ fóònù wọn, tí wọ́n dákẹ́, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni ìbá fi mú wọn.

Tí Màmá bá gbà, bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sọ ọ́ nínú ẹgbẹ́. Tí wọn kò bá gbà, má fi tipá mú wọn.

———

Olùbéèrè padà wá

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé. Báńkì kejì di ₦41,000 mú, ìyókù ti lọ. Mo ti tọ́jú fáìlì náà, mo sì fi 64 yẹn wá a lórí VirusTotal: kò sí ẹni tó gbé e rí. Mo ti gbé e. Màmá fi ohùn ránṣẹ́ sínú ẹgbẹ́ lálẹ́ àná, wọ́n ní: "Ẹ̀yin ìyá, ẹ má bínú, èmi ni mo tẹ̀ ẹ́. Bó ṣe rí nìyí. Ẹni tó bá rí i kó má tẹ̀ ẹ́, kó má sì pa á rẹ́, kó fi han ọmọ mi." Ìyá mẹ́ta ló ti sọ pé ó wọlé sọ́dọ̀ àwọn náà, wọn ò kàn lè sọ ni. Méjì ti pa á rẹ́. Ti ẹ̀kẹta ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n 64 tirẹ̀ kò bá tiwa mu.

———

Kú iṣẹ́. Bá mi kí Màmá gan-an, kí o sọ fún wọn pé mo dọ̀bálẹ̀.

Tí 64 rẹ̀ bá yàtọ̀, ó jọ pé wọ́n ti tún fáìlì náà ṣe. Ó ṣeé ṣe kí kọ́kọ́rọ́ bọ́ọ̀tì inú rẹ̀ náà yàtọ̀. Fi ti ìyá kẹta yẹn ránṣẹ́ sí mi kó tó di alẹ́, mo ṣì jókòó sídìí kọ̀ǹpútà.